Oṣù Tí Sèlíátù Ń Fi Òótọ́ Dáhùn Ìkíni

Àtàǹpàkò ni. Ti ọwọ́ ọ̀tún. Sèlíátù kọ́kọ́ fi í nu ara ìró rẹ̀, lọ, bọ̀, nítorí pé eruku ọjà kì í jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé èèyàn ló ń fọwọ́ kan òun. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè díẹ̀, ó wò ó, bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ rán níṣẹ́. Èékánná rẹ̀ dúdú lápá kan, níbi tí abọ́ onírin ti já lù ú. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí àwòrán maikirofóònù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú fóònù. Jẹ́jẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò ó bóyá píà ti rọ̀. Ó wá fà á gòkè, díẹ̀díẹ̀, títí àgádágodo kékeré kan fi yọ, tó sì pa dé. Ó gbé àtàǹpàkò kúrò. Fóònù ń dá gbọ́ báyìí.

Sèlíátù wúkọ́.

"Ẹ kú ìparí oṣù o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi Sèlíátù alábọ́ rèé, láti ọjà Bouaké, láàárín abọ́ àti báàfù. Ẹ wá ibi jókòó sí."

Fókáàlì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Bouaké, ohùn tí èèyàn sọ sínú fóònù tó sì fi ránṣẹ́. Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Àwọn kan fi ń bẹ̀bẹ̀, àwọn kan fi ń bú ọkọ wọn. Ti Sèlíátù yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ohun tó dán wò nínú oṣù náà, ohun tó wò, ohun tó gbọ́, àti ìdájọ́ rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdájọ́ rẹ̀ kò pọ̀. "Ẹ gbé e wọlé." "Ẹ fi sẹ́nu ọ̀nà." "Ẹ jù ú sí gọ́tà." Ó tán.

"Oṣù yìí, mo mu tíì láìfi ṣúgà sí i. Ẹ má dá àwọn dókítà lóhùn. Omi gbígbóná tó ń bínú ni. Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń mu omi tí wọ́n fi fọ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi, Bàbá Qoreebah. Gọ́tà. Mo tún ń fẹsẹ̀ rìn wá sọ́jà láti N'Gattakro, mi ò gun mọ́tò-tasí, ọ̀kadà tiwọn níbí. Ẹsẹ̀ mi wú. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mi ò rí rí láti orí mọ́tò: obìnrin kan tó ń yọ́ àtìẹkẹ́, gàrí sísè tí ọ̀gá rẹ̀ ń tà, jẹ láti abẹ́ ìborùn. Ẹ gbé e wọlé. Mo wo fíìmù àwọn ará Tọ́kì yẹn, èyí tí wọ́n ń fi Faransé sọ, tí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dúró tó ń wo ojú fèrèsé. Ó ti ń wo ojú fèrèsé láti oṣù Kejì. Ẹ fi sẹ́nu ọ̀nà, bóyá yóò rí nǹkan. Ní ti rédíò, ẹ gbọ́ ètò aláròyé tí wọ́n ń fi èdè Dioula ṣe láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin kan pè, ó ní àbúrò ìyá òun jí àkùkọ òun. Àbúrò ìyá náà pè, ó ń búra. Ó ń búra lọ́wọ́ ni àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé e wọlé, ẹ tẹ́ ẹní fún un."

Ó gbé fóònù jìnnà sẹ́nu díẹ̀, kí àkùkọ náà lè rí àyè.

"Ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ ṣọ́ra fún mi o. Ẹnikẹ́ni tó bá kí mi, tó bi mí pé ṣé dáadáa ni, òótọ́ ni n ó fi dá a lóhùn."

Àtàǹpàkò tún sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ.

Wọ́n bí Sèlíátù sí Sokoura, àdúgbò kan ní Bouaké. Bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpò kan àti orúkọ ará ìlú kan tí wọ́n ní kó wá kàn, tó sì ti kú kó tó dé. Ó ta abọ́. Ó fẹ́ ìyàwó, ìyàwó ta abọ́. Ọmọ wọn gbọ́njú láàárín abọ́, Tàjúdínì tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wá fẹ́ ẹ láàárín abọ́, ó gbé e lọ sí àdúgbò N'Gattakro, abọ́ tẹ̀ lé e. Anago ni àwọn ará ọjà ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀. Anago alábọ́.

Ilé ọkọ tó bọ́ sí, ilé àwọn elẹ́nu ni. Tàjúdínì ń sọ̀rọ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ má tíì dárúkọ ìyẹn. Bí Sèlíátù bá la ẹnu nílé náà, ẹnìkan á ti bá a parí gbólóhùn rẹ̀, á sì parí rẹ̀ síbi tí kò fẹ́ lọ.

Ó wá gba ọ̀dọ̀ ọmọ lọ. Qoreebah, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, wà ní yunifásítì l'Abidjan, ìyá sì ń fi fókáàlì ránṣẹ́ sí i láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti se iṣu. Iṣu náà ò dùn. Ewúrẹ́ kan kọjá, ó jọ bàbá rẹ. Títí ọjọ́ tí ọmọ fi pè é.

"Maman, ẹ jọ̀ọ́. Inú kíláàsì ni mo wà. Ẹ máa kó o jọ. Ẹ máa fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù."

Ó dun Sèlíátù. Ó sunkún sínú báàfù kan, ó nu báàfù, ó tà á. Lẹ́yìn náà ó kó o jọ. Qoreebah gbọ́ èyí tó kó jọ náà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi ránṣẹ́ sí ìbátan kan, ìyẹn fi ránṣẹ́ sí òmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó ti dé inú WhatsApp ẹgbẹ́ obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Bouaké. Ó ti di nǹkan. Bí oṣù bá ti ń parí, wọ́n á pé sí ṣọ́ọ̀bù Shakirat onídìrí, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, wọ́n á gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ẹlòmíràn á fi orí tí wọ́n dì dé ìdajì gbọ́ ọ.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Sèlíátù ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó já a lẹ́nu. Fóònù kò lè sọ pé dákẹ́ ná. Abọ́, ti gbogbo ilé ni. Ọmọ, ti Abidjan ni. Fókáàlì, tirẹ̀ ni.

Oṣù òótọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí kíkí wa ṣe rí. Ẹni tó bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Ó ń kan ilẹ̀kùn ni. O ní dáadáa ni, a dúpẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀yin méjèèjì kọjá. Bí orùlé rẹ bá ń jó lẹ́yìn rẹ, dáadáa ni. Àwọn Dioula tó ni ọjà náà le ju tiwa lọ: àlàáfíà nìkan ni ìdáhùn tiwọn, àlàáfíà ilé, àlàáfíà ọmọ, àlàáfíà adìyẹ.

Nassénéba, Dioula tó ń ta òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ó kí i láàárọ̀ bó ṣe máa ń kí i, ó bi í bóyá àlàáfíà ló sùn.

"Rárá," ni Sèlíátù wí. "Ẹ̀fọn wà. Mo tún lá àlá pé ìyá ọkọ mi tó ti kú wá gba ọlọ rẹ̀."

Nassénéba gbé igbá òrí kalẹ̀. "Anago, ṣé ara rẹ dá?"

"Orúnkún òsì ń dùn mí."

Kò sẹ́ni tó rajà lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ náà, ọ̀rọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè tà á. Nígbà tó di ọ̀sán, Nassénéba ti fi òrí pa orúnkún náà, ó ti sọ ti ìyá ọkọ tirẹ̀, èyí tí kò tíì kú, ó sì ti bú u dáadáa. Wọ́n ti jókòó pọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Sèlíátù kò mọ̀ pé ó ní ìyá ọkọ.

Ọlọ́mọ̀tò-tasí kan kí i ní Faransé. "Tantie, ça va?" Ó ní, "Non," rárá. Ọmọkùnrin náà pa mọ́tò. Ó dúró, ó ń wò ó, bíi pé ọ̀nà ló tán. Oníbàárà Sèlíátù kan láti Marabadiassa bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní nǹkan wà, pé bó ṣe máa ń fi ìka kan abọ́ òun kó tó rà á yẹn, bíi pé abọ́ jẹ̀bi, ń bí òun nínú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ sápò. Ó ra abọ́ láìkàn án.

Nílé ńkọ́?

"O jí ire bí, Ìyá Qoreebah?"

"Rárá. Ẹ ń họnrun."

"Èmi?"

"Ta tún ni? Ṣé ẹ pe ẹlòmíràn sórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

Tàjúdínì ronú sí i títí dé ìdí tíì rẹ̀. Kò rí ẹlòmíràn.

Bó ṣe ń dùn lọ nìyẹn. Ó ti ń kó o jọ sínú, bí yóò ṣe sọ ọ́ bí oṣù bá parí. Ó ti mọ̀ pé ẹ gbé e wọlé ni yóò jẹ́.

Ìsọmọlórúkọ ló bà á jẹ́. Ní Sokoura.

Ẹ wá jẹ́ kí n dárúkọ ìyẹn wàyí. Àlájà Hàbíbátù, ẹ̀gbọ́n Tàjúdínì, Ìyá Ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀. Ó ga. Ó sanra síbi tó yẹ kéèyàn sanra sí. Ohùn rẹ̀ kò nílò maikirofóònù, maikirofóònù ló máa ń sá fún un. Bí obìnrin méjì bá jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, á sì parí rẹ̀ kí tíì tó tutù. Fókáàlì Sèlíátù kò wù ú. Kò sọ pé kò wu òun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbọ́ ọ níbi tó wà, tí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, tirẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn, bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti jókòó sábẹ́ kánópì. Àlùfáà ti ṣe àdúà àkọ́kọ́, ó ń mu omi. Sèlíátù dé, ó lọ kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún àga Àlájà, orúnkún òsì ń ké.

"Ìyàwó wa!" Gbogbo àdúgbò gbọ́. "Ṣé dáadáa ni?"

"Rárá, Àlájà. Kò dáa."

"Alhamdulillahi! Tàjú ńkọ́?"

Sèlíátù gbé ojú sókè. "Ó ń họnrun, Àlájà. Kò jẹ́ kí n sùn."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ fún wa! Ọjà ńkọ́?"

"Ọjà dákẹ́ bí itẹ́ òkú."

"Àmín, àmín! Á máa pọ̀ sí i ni!"

Shakirat ti ki ìborùn bọ ẹnu. Àlùfáà sín, ṣùgbọ́n kì í ṣe sísín. Bàbá Àkànmú, àgbà gbogbo wọn, rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀ sínú àwo ẹran. Kánópì mì. Àlájà náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn wọn. Ó wá rí i pé òun ni gbogbo ojú kọ sí. Ó tẹ̀ sí obìnrin tó wà lápá òsì rẹ̀, ó bi í. Obìnrin náà sọ fún un.

Ẹ̀rín kúrò lójú Àlájà bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ lórí okùn. Ó dìde. Ó mú báàgì.

"Sèlíátù."

Kò pè é ní ìyàwó wa. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò tíì dárúkọ rẹ̀ rí.

"Èmi lo fi ṣe ẹlẹ́yà láàárín àwùjọ."

"Rárá o, Àlájà. Mo kàn ń..."

"Ìpàdé wà lọ́jọ́ Àìkú. Yálà kí fókáàlì yẹn kú, tàbí kí o kúrò nínú ẹgbẹ́. Mú èyí tó bá wù ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àkànmú kó àgbàlagbà méjì dání wá sí N'Gattakro, nítorí pé lójú tiwa, aya tó bá sọ láàárín èrò pé nǹkan kò dáa, ó ń pe ẹjọ́ ni. Tàjúdínì wọ agbádá láti gba àlejò, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

"Kí lo fi aya rẹ ṣe?"

"Ó ní mò ń họnrun."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ẹ bi í."

"Ìyẹn nìkan ni," Sèlíátù wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ gbọ́ ọ ná."

Bàbá Àkànmú ní ẹjọ́ kò ṣeé dá láìrí ẹ̀rí. Ó ní kí Tàjúdínì dùbúlẹ̀. Tàjúdínì dùbúlẹ̀ sórí kánáfé, àga gígùn onítìmùtìmù, nínú agbádá, ó ń ṣàròyé pé òun kò lè sùn níṣojú àgbà, ó ń ṣàròyé lọ́wọ́, ó sùn. Ohun tó jáde lẹ́yìn náà, àwọn àgbà kò retí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Ó jẹ̀bi," ni Bàbá Àkànmú wí. "Ẹ̀gbẹ́ ni kó máa fi sùn." Ó wá wo Sèlíátù. "Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, ìyẹn ju agbára wa lọ."

Gbogbo ẹni tó bá gbà á nímọ̀ràn, kíkúnlẹ̀ ni. Shakirat ní, "Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, ẹ ní iṣẹ́ èṣù ni. Ta ló ń bá èṣù ṣẹjọ́?" Qoreebah ní, lórí fóònù, "Maman, ẹ ṣáà máa sọ pé dáadáa ni, kó tán. Kí ló wúwo níbẹ̀?" Sèlíátù kò lè ṣàlàyé fún un. Bó bá kúrò nínú ẹgbẹ́, ta ni yóò máa sọ ọ́ fún? Bó bá sì wà níbẹ̀ láìsí fókáàlì, àfi kó padà sáàárín àwọn tó ń bá a parí gbólóhùn.

Ọ̀sán Sátidé, ó mú abọ́ tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ní òdòdó pupa, ó gun mọ́tò-tasí lọ sí Sokoura.

Tẹlifíṣọ̀n Àlájà ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Láti ìta. Láti ọ̀dọ̀ aránṣọ tó wà lódìkejì títì. Gbogbo àdúgbò ló ń bá a gbọ́ ìròyìn. Sèlíátù kí láti ẹnu ọ̀nà, kò sí ìdáhùn. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Àlájà jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Sèlíátù kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀.

"Àlájà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Àlájà ṣa òkúta kan, ó jù ú nù.

"Ẹ má bínú. Mi ò fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹnu mi ni, ẹ ṣáà mọ ẹnu mi."

Òkúta mìíràn.

Sèlíátù gbé abọ́ náà mọ́ àyà. "Ó dáa. N ó dá fókáàlì dúró."

Ó ti sọ ọ́. Ó dúró de èsì. Àlájà gbé ẹ̀wà kan sókè, ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, ó dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Inú bí Sèlíátù wàyí. Èèyàn jọ̀wọ́ ohun kan ṣoṣo tó ní, ẹni tó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ń bá ẹ̀wà ṣeré. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, kì í ṣe jẹ́jẹ́. Gbàà! Irú ariwo tó máa ń jí ọmọ ọwọ́ ní ilé kẹta. Ìbínú kan kò sí láyé yìí tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò ní dá ṣẹ́.

Àlájà kò mira. Kò ṣẹ́jú.

Ó ku díẹ̀ kó ṣa òkúta mìíràn ló yí orí, tó rí i. Ó fò lórí àga. Ẹ̀wà fọ́n.

"Subhanallah! Ìgbà wo lo dé?"

Sèlíátù dìde, ó yí àga náà po lọ sí apá òsì, ó tún kúnlẹ̀.

"Àlájà, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, a dúpẹ́." Ó yá jù. Ìdáhùn ti dé ẹnu kí ìbéèrè tó dé etí.

"Oṣù kò tíì parí, Àlájà. Mo tún bi yín. Ṣé dáadáa ni?"

Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo ọṣẹ ìfọṣọ. Àlájà wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀wà tó fọ́nká.

"Rárá," ni ó wí. Ohùn kékeré kan, tí Sèlíátù kò mọ̀ pé ó ní.

Etí ọ̀tún ti kú láti ààwẹ̀ èṣí, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ti òsì ń tẹ̀ lé e.

"Ṣé ẹ ti sọ fún Bàbá Qoreebah?"

"Kí Tàjú lè sọ fún gbogbo ọlọ́mọ̀tò? Ìyá Ẹgbẹ́ tó ń parí ìjà, tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. O rò pé wọ́n á fi mí sílẹ̀ lórí àga náà?"

"Báwo lẹ wá ṣe ń parí ìjà?"

"Mò ń wo ẹni tó ń sunkún jù. Mo ní kí èkejì bẹ̀ ẹ́."

"Kíkí ńkọ́?"

"Kíkí?" Àlájà fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Ta ló ń fi etí kí Yorùbá? Láti kékeré ni mo ti mọ ohun tí gbogbo wọn fẹ́ sọ. Mo bi wọ́n, mo ṣe àmín, mo kọjá. Ó ń lọ geere. Àfi ìgbà tí ìwọ gbé òótọ́ rẹ dé."

Sèlíátù fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án lọ́wọ́. Àlájà wò ó, wò ó, òun náà bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí lo tilẹ̀ máa ń sọ nínú rẹ̀?" Àlájà bi í, nígbà tí wọ́n ti nu ojú. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mò ń rẹ́rìn-ín. N ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ rí. Ìgbà mìíràn mo rò pé èmi ni."

Sèlíátù sún mọ́ etí òsì. Ó sọ ti tíì fún un, ti ìbọ̀sẹ̀ Tàjúdínì. Ó sọ ti àkùkọ. Àlájà di àga mú. Ó sọ ti ọkùnrin tó ń wo ojú fèrèsé.

"Kí ló ń wò?"

"Mi ò mọ̀."

"Láti oṣù Kejì? Jù ú sí gọ́tà. Ta ló ráyè?"

Wọ́n jọ ṣa ẹ̀wà tó fọ́n sílẹ̀. Ìgbà náà ni Àlájà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọjọ́ Àìkú.

"Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi níwájú èrò. Bí mo bá kó o jẹ, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Kí ni n ó sọ?"

"Ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

"Kò gbọdọ̀ dé etí ẹnì kankan."

"Kò ní í dé."

Ìpàdé kún ju ti ọjọ́ ìbò lọ. Àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn dé ṣáájú gbogbo ayé. Wọ́n fi àga kan síwájú fún Sèlíátù, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Àlájà jókòó lókè, etí òsì sí iwájú, ojú rẹ̀ sí ẹnu Sèlíátù.

Shakirat ló dìde. Ó ṣẹ́jú sí Sèlíátù, ó fẹ́ kó dára, ó fẹ́ kí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà lè fò lọ.

"Ká tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Qoreebah. Ṣé dáadáa ni?"

Gbogbo wọn nà sí iwájú.

Gbogbo oṣù náà wà lẹ́nu Sèlíátù: ẹ̀fọn, orúnkún, ọlọ, agbádá lórí kánáfé. Bó bá sọ ìdajì rẹ̀, ilé yóò wó. Ó wo Àlájà.

"Dáadáa ni," ni ó wí. Rọra, kedere, kí ẹnu rẹ̀ lè hàn. "A dúpẹ́. Ilé dáadáa, ọjà dáadáa."

"Ọkọ ńkọ́?" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ó ń sùn bí ọmọ jòjòló. A kì í gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Irọ́!"

"Irọ́ ni! Oṣù ò tíì parí!"

"Mo kùnà," Sèlíátù wí. "Kíkí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dán wò. Àlájà ló là mí lójú lánàá. Wọ́n fi ẹnu mi gbálẹ̀, mo sì dúpẹ́."

Àlájà dìde. Ohùn ńlá náà ti padà.

"Ẹ̀yin náà rí i! Orí rẹ̀ ti pé. Kí ó máa ṣe fókáàlì rẹ̀ lọ, ẹjọ́ parí." Ó na ọwọ́ sí àga tó wà lápá òsì rẹ̀. "Ìyàwó wa, wá jókòó síbí."

Wọ́n lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn rántí pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́jà ni pé Àlájà ti yọ eyín Sèlíátù. Shakirat kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ báyẹn? Ẹ̀yin?" Sèlíátù ní bẹ́ẹ̀ ni. Nassénéba bi í láàárọ̀ bóyá àlàáfíà ló sùn, ó ní àlàáfíà nìkan. Ó rọ́ ẹnu díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń mu tíì láìsí ṣúgà. Nassénéba gbé òrí fún orúnkún náà síbẹ̀.

Oṣù parí. Àtàǹpàkò lórí ìró, lọ, bọ̀.

"Ẹ kú ìparí oṣù o. Òótọ́ sísọ bí wọ́n bá kíni: mo kùnà, ẹ jù ú sí gọ́tà. Kí ọkọ fi ẹ̀gbẹ́ sùn: ẹ gbé e wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun báyìí. Ọkùnrin ojú fèrèsé: mo ti ká a kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó di gọ́tà. Ẹnìkan tó ní làákàyè bi mí pé kí ló ń wò, mi ò rí èsì."

Qoreebah pè kí ó tó di ọ̀sán.

"Maman, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kùnà? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Dáadáa ni."

Láti ìgbà náà, bí oṣù bá parí, Sèlíátù máa ń kọ́kọ́ lọ sí Sokoura, á jókòó lápá òsì Àlájà, á sọ gbogbo rẹ̀ fún un kó tó gbà á sínú fóònù. Fókáàlì wá ń fi ọjọ́ kan pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.